Ẹ Kú Ojú Lọ́nà

Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú omi láti apá Ẹ̀pẹ́, àyà mi ṣì máa ń já. Mo ti dàgbà kọjá irú ìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni n ó parọ́ fún? Ìyá kan ni mo ń retí.

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, nọ́ọ̀sì tuntun ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkòròdú. Mo máa ń fi sítáàṣì sí aṣọ funfun mi títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, ẹnu mi sì le ju aṣọ náà lọ. Dókítà wa sọ pé abẹ́rẹ́ nìkan kò tó fún àwọn tí ọkàn wọn dàrú, pé a nílò ẹni tó lè jókòó tì wọ́n, kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó yàn mí. Mo rò pé torí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu mi ni. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn gbé mi kúrò fúngbà díẹ̀, kí etí wọn lè sinmi.

Ẹ̀pẹ́ ni dókítà rán mi lọ fún oṣù mẹ́fà, sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí agboolé rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀sà. Ẹja ni ìyá náà ń yan tà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí a máa kó èèyàn wọn tí ọpọlọ rẹ̀ kò balẹ̀ wá bá a, torí kò sí ẹ̀wọ̀n nílé rẹ̀, kò sì sí pàṣán. Àwọn aláìsàn náà yóò bá a gbálẹ̀, wọn yóò bá a to ẹja sórí ààrò, yóò sì máa jókòó tì wọ́n. Inú bí mi púpọ̀. Èmi tí mo kàwé, kí n wá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B!

Lọ́jọ́ tí mo dé, ó bi mí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ tán.

"Ṣé o mọ èèyàn kí?" ló bi mí.

Ta ni yóò bi ọmọ Yorùbá ní irú ìbéèrè yẹn? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù mi padà. Àṣé kò bú mi. Láràárọ̀, kó tó kí aláìsàn kankan, yóò kọ́kọ́ dúró wo ojú onítọ̀hún fún ìgbà díẹ̀, bùta omi àlùwàlá rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́, kó tó yan ìkíni tí yóò kí i. Èmi rò pé ojú ló ń dùn ún.

Obìnrin kan wà nínú agboolé náà tó fi bí ọdún mélòó kan jù mí lọ. Níbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn ni ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ kékeré gbé ẹja lọ sí Èbúté Ìkòròdú. A kò rí i mọ́, a kò rí ọkọ̀, a kò rí òkú. Ẹbí ọkọ ṣe fìdáù, àdúrà òkú, obìnrin yìí kò yọjú. Ní gbogbo ọ̀sán, lẹ́yìn ìrun alásárì, yóò gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sínú abọ́ tánńganran, yóò fi ìdérí dé e, yóò lọ jókòó sétí ọ̀sà. Ẹbí ọkọ ti gba ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀-tẹ̀. Wọ́n ní àfi tí orí rẹ̀ bá wálé kó tó rí ọmọ gbà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ni ìyá lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo ní kí n fi iṣẹ́ han wọ́n. Mo rò pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni oògùn obìnrin náà, pé àwọn tó yí i ká ló ń kẹ́ ẹ bà jẹ́. Mo bá a létí omi, mo kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run yóò tù yín nínú."

Ó wò mí. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó dojú kọ ògiri. Ẹnu tó ti ń tọrọ omi àti iyọ̀ tẹ́lẹ̀ pa dé pátápátá. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣíbí ni ìyá fi ń da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, púpọ̀ rẹ̀ ló sì ń ṣàn padà. Ẹ̀rù bà mí dé ọ̀run. Bó bá kú, èmi ni mo fi ìkíni pa á, ọmọ rẹ̀ kò sì ní rí ìyá mọ́.

Ìyá kò pariwo mọ́ mi. Ìbá gbá mi létí ni, ìbá tẹ́ mi lọ́rùn.

"Ibi tó wà kọ́ lo ti kí i," ni ó wí. "Ibi tí ìwọ fẹ́ kó wà lo ti kí i. Bó bá ti lè dìde, tẹ̀ lé e lọ sétí omi. Kí i pé ẹ kú ojú lọ́nà. Má fi nǹkan kan kún un."

"Ìyá, ṣé ká máa parọ́ fún un ni?"

"Ṣé kò fojú sọ́nà ni?"



Bí mo ṣe di ẹni tí ń jókòó lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ nìyẹn, lọ́sàn-án gbogbo. N ó kí i, kò ní dáhùn. Oòrùn ń pa mí, ọ̀rọ̀ ń hó nínú mi bí omi ẹ̀kọ, mo sì ń gbé e mì. Kò rọrùn fún irú mi. Nígbà tó pẹ́, mo ṣàkíyèsí pé èmi náà ti ń na ọrùn bí mo bá rí ọkọ̀ tí ọkùnrin gíga kan ń tù bọ̀. Mo ń wá ọkọ ọlọ́kọ tí n kò rí rí. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n ṣí abọ́ náà, ó tì í sí ọ̀dọ̀ mi, àwa méjèèjì sì jẹun.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i tán ni.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí omi, "kí mi bí o ṣe kí mi níjọ́sí."

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

"O ṣé," ó ní. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

Ó wá sunkún. Àwọn tí ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá dúró tì í. Kí oṣù náà tó parí, ìyá bá a lọ sílé ẹbí ọkọ, wọ́n sì gba ọmọ bọ̀.

Nígbà tí mo ń padà sí Ìkòròdú, ìyá sìn mí dé etí omi. Ó ní lẹ́yìn ààwẹ̀, òun yóò wọkọ̀ wá wo bí mo ṣe ń kí àwọn aláìsàn tèmi. Ààwẹ̀ parí. Bí iṣẹ́ bá ti tán, n ó rìn lọ sí Èbúté, n ó máa wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni awakọ̀ kan fi ìròyìn lé mi lọ́wọ́. Ìyá ti kú. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ tó kú gan-an bí ìmàle ṣe ń ṣe, wọ́n tilẹ̀ ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. N kò rí ojú rẹ̀, n kò rí iyẹ̀pẹ̀ ibojì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ sí Èbúté. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ, ẹ má bi mí ní ìdí.

Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ dé. Ta ni mo rí bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n yẹn, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan lórí rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ di ìró rẹ̀ mú. Ó mọ̀ pé ìyá ti kú. Ó wà níbi ìsìnkú. Awakọ̀ ti sọ fún un pé mo ti gbọ́. Mo ti tún ojú mi ṣe sílẹ̀ de ohun tí mo rò pé yóò sọ. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "o kú ojú lọ́nà."

Ó sì jókòó tì mí títí ọkọ̀ fi padà.

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì níṣẹ́ yìí láti ìgbà náà, àwọn kan tilẹ̀ ti gba oyè lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti darúgbó, èmi náà ti ń fi igi rìn. Bí a bá pàdé, yóò dúró wò mí bí ìyá ṣe máa ń wo èèyàn, yóò kí mi bákan náà, yóò sì máa wò ó bóyá mo fẹ́ sọ nǹkan. N kò tíì lè ní kó kí mi ní èkejì, kó ní o kú àṣẹ̀yìndè.