Oyin Tó Lé Òyìnbó Lókè Òkà

Ọjọ́ kan wà tí mọ́tò Rájí gbé odindi olùkọ́ yunifásítì kọjá Àkùngbá tó ń lọ, kọjá Òkà, ó di Ìṣùà! Olóògbé Tíṣà Fọláránmi ló fà á. Kò fi oògùn mú ẹnikẹ́ni o. Ibi tí ọ̀rọ̀ “run” àwọn òyìnbó ti ṣẹ̀ wá ló ń sọ.

Láti gáréèjì Ìkàrẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. “Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ ń ‘run’, imú ń ‘run’, odò ń ‘run’, ẹ́ńjìnnì ń ‘run’. Ẹni tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀, òun náà ń ‘run’. Ta ló wá jókòó?”

Ó ní òyìnbó kan ló gun òkè Òkà láyé àtijọ́, ló lọ fi ọ̀pá tú ilé oyin. Ó sá, “run!” Ikun ń dà nímú rẹ̀, “run!” Ó bọ́ sódò tó ń ṣàn, “run!” Mọ́tò tí kò ráyè pa ṣì ń kùn lójú títì, “run!”

“Ẹni tí oyin ń lé, ṣé ó ráyè wá ọ̀rọ̀ mìíràn ni?”

Tẹjúmádé, olùkọ́ yunifásítì yẹn, kò gbà. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ jùyẹn lọ. Àwọn ẹ̀yà Jámánì àtijọ́ ti ń sọ ọ́.”

“Ẹn-ẹ́n! Kí ló lé àwọn yẹn?”

Kí Tẹjúmádé tó rí èsì, wọ́n ti dé Ìṣùà. Tíṣà fúnra rẹ̀ ti kọjá ilé rẹ̀ ní Òkà, Rájí tó ń wakọ̀ sì ti gbàgbé pé mọ́tò ní búrékì.

Ohun tó ń jẹ Rájí lọ́kàn ni pé, ṣé oyin bá òyìnbó náà? Ojoojúmọ́ ló ń béèrè. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà Tíṣà, bàbá á sọ̀ kalẹ̀, á ní, “Ó dọ̀la.” Rájí á ráhùn, síbẹ̀ kò jẹ́ kí awakọ̀ mìíràn gbé e, kí olúwarẹ̀ má baà gbọ́ òpin ìtàn ṣáájú òun.

Nígbà tí àìsàn dá Tíṣà dùbúlẹ̀, Rájí jókòó tì í. “Tíṣà, ẹ dákun, ẹ má gbé e lọ. Ṣé oyin bá a?”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Rájí, ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Ká ní mo ti sọ ọ́ tipẹ́, ta ni ì bá máa yà kí mi? Padà wá lọ́la.”

Rájí padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹkún ló bá nínú ilé.

Ó dùn ún wọra. Òun ló wá ń sọ ìtàn náà báyìí láti Ìkàrẹ́. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà Tíṣà, á dúró, á fọn fèrè mọ́tò, á kígbe: “Tíṣà, mo ti dé o! Ṣé oyin bá a?”

Gbogbo èrò ọkọ̀ á sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ó dọ̀la!”