Bàálù Tí Kò Sí Nínú Géèmù

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ará ilé kejì tan jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ ní Ìkòsì níbí, ariwo rẹ̀ sì gbé mi padà sí pálọ̀ wa ní Kétu, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe géèmù ogun lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá àgbà wa, tó ti ja ogun abẹ́lé nígbà ọ̀dọ́ wọn, jókòó tì í, òórùn róòbù ń ta sánsán lára wọn.

"Bàálù kékeré yẹn ńkọ́? Èyí tó máa ń fò mọ́ orí igi, tó ń dún bíi jẹnẹrétọ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Sọ fún àwọn tó ṣe é kí wọ́n fi sí i. Mo fẹ́ yìnbọn fún un kó já bọ́, lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ àbá náà ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí a tó jẹ àgbàdo sísè wa tán, èsì ti dé.

"Wọ́n ní àwọn ò lè fi sí i, Bàbá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ bàálù yẹn."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n?"

Mo ti dàgbà kí Mummy tó sọ fún mi pé bàálù yẹn ló pa àbúrò Bàbá níṣojú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ti kọ̀ǹpútà sún mọ́ Bàbá. "Ẹ gbà, Bàbá, ẹ yìnbọn fún àwọn yòókù."

Bàbá wo àwọn bàálù tó ń fò kọjá, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà.

"Àwọn yìí ò ṣe mí ní nǹkan kan," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí ògiri.