Ojú Tí Baba Mi Fi Pa Mọ́ Dè Mí

Mo rántí ìgbà tí mo ti ìlú òyìnbó wálé fún ìsinmi, tí baba mi wá pàdé mi ní èbúté Àpápá, tí ó di apá mi mú, tí kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo rò pé ayọ̀ ni. Èmi náà ń yan, mo wọ kóòtù nínú oòrùn, mo ń fi imú dáhùn ìkíni. Mo ti gba oyè dókítà, mo sì dúró sí yunifásítì láti máa ṣèwádìí sí i nípa bí ara ṣe ń lo fítámínì A nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú ẹyinjú lápá ẹ̀yìn, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé kí á tó ríran. Ẹyinjú màlúù ni mo ń tú palẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn. N kò tọ́jú ojú èèyàn kankan rí. Ṣùgbọ́n ní agboolé wa, ẹni tó bá ń jẹ́ dókítà, aláìsàn ló ń wò.

Nígbà tó di Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, baba mi kó àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá sí pálọ̀. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó gbójú sókè sí mi.

“Ó ti pẹ́ tí ojú yìí ti ń ṣú,” ó ní. “Wọ́n ní kí n lọ sí ọsibítù, mo ní ọmọ mi ń bọ̀. Wò ó fún mi.”

Ìgbà yẹn ni ìdí tó fi di apá mi mú yé mi. Mo fi ìka kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹyinjú náà le gbagidi. Mo ti kà á pé bó bá le báyẹn, omi inú rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ pa. Fítámínì kò kàn án rárá.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “iṣẹ́ mi kọ́ nìyí. Ojú màlúù ni mo mọ̀.”

Àwọn àgbà wo ara wọn lójú. Etí mi gbóná. Baba mi ló rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má ka ọ̀rọ̀ mi sí, pé òfin kò gba dókítà ńlá láyè láti tọ́jú ẹbí ara rẹ̀. Àwọn àgbà mi orí, wọ́n kan sárá sí mi. Ọkùnrin tí n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó purọ́ nítorí mi.

Mo mú un lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ojú kan ti lọ, wọ́n ní à bá ti gbà á là bí a bá tètè wá. Èkejì tẹ̀ lé e kí n tó tún wálé. Kò bá mi wí rí. Ó kàn ní kí n sọ ohun tí mo ń rí nínú ojú màlúù fún òun. Mo ní ìmọ́lẹ̀ ń fọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ara a sì tún un ṣe. Ó ní, “Ó dára kí ẹnì kan mọ̀ ọ́n.”

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí baba mi nígbà náà lọ báyìí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kí n sọ nípa iṣẹ́ mi, mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ pálọ̀ yẹn. Ìtìjú náà kò tíì kúrò lára mi. N kò sì mọ̀ bóyá mo fẹ́ kó kúrò.