Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Fún Àgbà Láyè Jókòó

Òórùn èédú ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màámi ń lọ ṣòkòtò kákí mi lẹ́yìnkùlé, áyọ́ọ̀nù eléèédú ń rú èéfín. Nílé wa n'Ìkòtún nígbà yẹn, ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n máa ń lọ aṣọ ọmọdé. Mo rántí pé òní ni ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ wá yẹ ilé-ìwé wa wò.

Tíṣà Bánkọ́lé tó ń kọ́ wa, ayálégbé ni wọ́n nínú ọgbà wa. Yàrá wọn kọjú sí tiwa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní can, may àti must. "Can, agbára ni. May, àyè ni. Must, dandan ni." Wọn kì í kọ́ni lófìfo. Wọ́n á ní, "Yọ̀mí can climb the mango tree," Yọ̀mí á sì gùn ún lójú wa. "You must sweep the floor," ìyẹn ò gba àlàyé. May ló já lé mi lórí, torí èmi ni mọ́níto. Bí ìsípẹ́kítọ̀ bá wọlé, gbogbo wa á dìde, èmi á nàró, n ó wí pé, "You may sit down, sir." Ìgbà yẹn ni ẹnikẹ́ni tó lè jókòó.

"Àkànmú, má dójú tì mí o," ni Tíṣà wí. "Bí iṣẹ́ mi ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa gbé mi lọ." Ẹ̀pẹ́! Ìyàwó wọn sì wà nínú oyún.

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà bí orúkọ bàbá mi. Àmọ́ màámi ti kọ́ mi ní tiwọn kí Tíṣà tó dé: "Ọmọdé kì í nàró bá àgbà sọ̀rọ̀." Ká má tíì sọ pé kó fún un láyè.

Bàbá arúgbó tó wọ kóòtù ló wọlé, irùngbọ̀n wọn funfun báláú. A dìde. Ó kàn mí láti sọ̀rọ̀, àmọ́ mo tún wo irùngbọ̀n náà. Ni mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tèmi ti kákí tí wọ́n fi èédú lọ. Bàbá wà lóòró, Tíṣà wà lóòró, gbogbo kíláàsì wà lóòró.

"Mọ́níto ti kú!" ni Yọ̀mí wí.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ń ro mí o. Ṣé kí n jókòó ni àbí kí n máa lọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó," ni mo wí látilẹ̀.

Wọ́n jókòó. Wọ́n yíjú sí Tíṣà. "Ta ló kọ́ ọmọ yìí?"

Òógùn ti bo Tíṣà. "Ìyá ẹ̀ ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìyá ẹ̀ ti gba máàkì. Ó yá, jẹ́ n gbọ́ tìẹ." Àwọn yòókù ka can àti must bí ẹyẹ ayékòótọ́. Tíṣà ò lọ Ẹ̀pẹ́ mọ́; ọgbà wa ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ.

Irun tèmi náà ti funfun báyìí. Búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe l'Ayọ̀bọ̀, kò sì sí lébìrà tí mi ò lè jágbe mọ́. Láìpẹ́ yìí, wọ́n pe òbí nílé-ìwé ọmọ àbúrò mi, èmi ni mo lọ ṣe alágbàtọ́. Bí mo ṣe wọ kíláàsì, ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú ẹ̀ ti ká nàró ṣánṣán: "You may sit down, sir."

Mo bojú wẹ̀yìn bóyá àgbà kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Kò sẹ́nì kankan.

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí fún un, kí n tó jókòó.