Ta Ló Mú Yín Wọlé?

Òórùn ẹ̀wù òtútù tí òjò pa ló pàdé wa ní gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Manchester, lọ́dún tí ọmọbìnrin wa wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Wọ́n pè wá síbi ìṣípayá pátákó tí yóò sọ ìtàn ẹgbẹ́ náà. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ó sì kà á sókè: ọ̀gá àtijọ́ kan, òyìnbó tó ti dolóògbé, ni wọ́n kọ pé ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi fi ìgúnpá gún mi.

"Daddy, ẹ gbọ́ nǹkan? Ọkùnrin ló dá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀! Ṣé òun náà ló ń di irun fún wọn ni?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó dá a sílẹ̀ gan-an, bí ọmọ wa ti sọ fún wa, jókòó níwájú wa, ìyá àgbà kan, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì sí Wythenshawe. Ó dorí kodò. Mo mọ̀ pé bí gbogbo wa bá dákẹ́ jáde níbẹ̀, irọ́ náà ni yóò di òtítọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ wa dìde. Mo rò pé yóò bínú sọ̀rọ̀ ni. Rárá o. Nínú ẹgbẹ́ wọn, àgbà kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní láti mú ẹni tuntun wọlé, kí ó sì dúró fún un bí ìyá. Ó kúnlẹ̀ síwájú nọ́ọ̀sì kan.

"Ẹ̀yin lẹ mú mi wọlé, mà. Ta ló mú yín wọlé?"

Nọ́ọ̀sì náà dìde, ó kọjú sí àgbà tirẹ̀, ó béèrè ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde tẹ̀léra, amòfin, tíṣà, dókítà, tí irun wọn ń funfun sí i bí ìbéèrè náà ti ń lọ, títí ó fi kan ìyá àgbà.

"Kò sẹ́ni tó mú mi wọlé," ló wí. "Ọ̀gá tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ yìí ló ní kò sí yàrá fún adúláwọ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo gba yàrá kan ní àdúgbò Whalley Range, mo ní kí àwọn tí wọ́n lé bíi tèmi máa bọ̀. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀."

Orí mi wú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn, n kò tíì rí ibi tí ìtàn ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde dúró rí. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kò yí ọ̀rọ̀ kan padà lára pátákó náà títí ìyá náà fi jáde láyé, ìdí sì nìyí tí n kì í fi í dákẹ́ níbikíbi tí mo bá dé. Ṣùgbọ́n, ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ju ìbínú mi lọ. Ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ló sọ ara rẹ̀ di ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn, ọmọ tèmi sì wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé.