Àrọ̀ Tó Sọ Mí Di Aṣojú

Òórùn ekòló tí a fi ń pẹja kì í tètè kúrò lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, yóò ṣì máa rùn lábẹ́ èékánná títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì ní ọmọ kan ṣoṣo, tí kò tíì pẹ́ tí ọkọ̀ yí sí ọwọ́ ọ̀tún títì, òórùn yẹn ni mo máa ń gbé wọ ọjọ́ Ajé. Inú mi máa ń dùn sí i. Ó ń rán mi létí pé mo jókòó lánàá.

Ìjókòó ni mo wí, n kò wí ẹja. Yàrá kan là ń gbé ní Kétu, èmi, ọkọ mi, ọmọ, àti ìyá ọkọ mi tó wá láti apá Ọ̀yọ́ láti wá bá wa wẹ ọmọ, tí ọmọ sì ti ń rìn kiri ilé kí wọ́n tó rántí pé àwọn ní ilé tiwọn. Ọkọ mi ń wa lọ́rì, ìgbà tó bá wọlé là ń rí i. Èmi tí mo kàwé dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù, tí mo ti rò pé nídìí tábìlì ọ́fíìsì ni màá ti máa jókòó, tí fáànù yóò máa fẹ́ mi lórí, orí àpótí kékeré ni mo ń jókòó sí, tí mo ń fọ nápíkìn. Ọmọ náà kì í sùn lóru. Bí mo bá ní ó rẹ̀ mí, ìyá ọkọ mi á ní ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ bímọ láyé.

Ọkọ mi ló ra ọ̀pá ìwọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń lọ sétí Odò Ògùn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi láti fi ìwọ̀ pẹja, ó sì bá wọn lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó pa ọ̀pá náà tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan mo mú un, mo pọn ọmọ, mo ní mò ń lọ wá ẹja ọbẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò jà. Ìyàwó tó ń wá ẹja ọbẹ̀ kì í ṣe ìyàwó tó ń rìn gbéregbère. Ká ní mo sọ pé mo fẹ́ lọ jókòó létí omi lásán ni, wọ́n á ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí mi. Ẹja ni mo fi ń ra ìjókòó yẹn.

Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Òwòdé là ń lọ, níbi tí koríko ti wọnú omi. Àwọn ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ kò sí èyí tí ẹja ń bọ́ nínú wọn. Tísà wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà l'Ójọ́ta tí a ń pè ní Ọ̀gá Onítáyà wà níbẹ̀, àti àwọn akọ̀wé tí wọ́n ń bọ́ bàtà wọn sínú koríko. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìdí igi ẹ̀gbẹ̀sì kan sílẹ̀ fún mi. Bí ọmọ bá sùn sẹ́yìn mi, tí okùn ìwọ̀ sì wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó ń pè mí rán níṣẹ́. Kò sí ohun mìíràn tí mo ní láyé nígbà náà tó jẹ́ tèmi nìkan.

Òjò ọdún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé. Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn aláwọ̀n, àwọn tí wọ́n ń gbé etí odò, tí wọ́n ń fi ẹja jẹun, ló ránṣẹ́ sí àwa oníwọ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí omi bá ti pọ́n títí yóò fi mọ́ gaara, kí ẹnikẹ́ni má ju ìwọ̀ sí etí odò mọ́, nítorí inú koríko yẹn ni ẹja ń wá yé sí. Àwọ̀n tiwọn yóò máa wà lójú ibú. Ẹni tó bá lówó ọkọ̀ ojú omi lè bá wọn lọ sójú ibú, wọn kò kọ̀.

Inú bí àwọn ènìyàn wa. "Ìwọ̀ kan, ẹja kan," ni Ọ̀gá Onítáyà ń pariwo. "Àwọ̀n wọn ń kó ìyá, ó ń kó ọmọ, ó ń kó àna mọ́ ọn! Àwa wá ni ọ̀daràn?" Tísà ní ohun tó dun òun jù ni pé wọn kò pè wá sí ìpàdé kankan kí wọ́n tó ṣòfin. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọ́n lọ bá Bàbá pé àwa náà fẹ́ ní ẹnu níbẹ̀. Ìdáhùn tó wá ni pé, "Ẹ̀yin ń fi ẹja ṣeré, àwa ń fi jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹnì kan wá. Ẹnì kan o! Mi ò lè máa gbọ́ ohùn gbogbo yín bí ọ̀pọ̀lọ́ ìgbà òjò."

Ta ni yóò jẹ́ ẹnì kan yìí? Tísà ní òun lòun mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú àgbà. Ọ̀gá Onítáyà ní, "Tísà, látìgbà tí a ti ń bọ̀ níbí, ẹja tó ti ọwọ́ yín jáde kò lè kún abọ́ ológbò. Ẹja ń gbọ́ gírámà ni?" Wọ́n ṣe é títí tó fẹ́ dìjà. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé kí odò yàn fún wa: lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá tóbi jù ni aṣojú. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni nígbà yẹn. Mo ti wá mọ̀ pé apẹja nìkan ló lè fi ìtóbi ẹja wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n má bá wọn ṣe é, torí kò sẹ́ni tó rántí pé mo wà níbẹ̀. Èmi náà kò fẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò lè gbé ọmọ ọwọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá ti etí odò, wọ́n ti ti ìjókòó mi. Mo kàn ń gbàdúrà kí ẹnu ẹni tó bá wọlé mú.

Lọ́jọ́ náà, eyín tuntun ń mú ara ọmọ gbóná, a kò sùn mọ́jú. Mo so okùn ìwọ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, mo fẹ̀yìn ti igi, ọmọ wà láyà mi, ojú mi pa dé. Ohun tó jí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí sómi. "Ìyàwó, má jẹ́ kó lọ o!" Ọ̀gá Onítáyà ti bọ́ sómi tòun ti ṣòkòtò kó tó parí ọ̀rọ̀. Àrọ̀ ni, dúdú, ó sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn. A tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn yòókù, ó dà bí ìyá láàárín ọmọ.

"Ìwọ̀ ló mú un, kì í ṣe òun," ni Tísà wí. "Obìnrin yìí ń sùn!"

Ọ̀gá Onítáyà ní, "Ẹni tó ń sùn mú èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lajú, kí lẹ mú?"

Bí mo ṣe di aṣojú nìyẹn. Lójú ọ̀nà wọ́n ń kọ́ mi ní ohun tí màá sọ: kí n má gbà kí wọ́n ti etí odò rárá, kí n sọ ti ìwọ̀ kan, ẹja kan. Ọ̀gá Onítáyà gbé àrọ̀ náà sọ́rùn, a ó fi ṣe ẹ̀bùn. Bàbá jókòó síwájú ilé wọn pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn, wọ́n sá àwọ̀n sórí igi. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ tí mo ti dá padà sẹ́yìn. "Aṣojú yín nìyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́ ẹja. Ni Tísà bá yíjú sí mi, kò sì fi ṣe ibi kankan: "Ìyàwó, bá wa tún ẹja yìí ṣe kó má baà bàjẹ́, ká tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

Aṣojú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Bí mo ṣe la ikùn rẹ̀ báyìí, ẹyin ni. Ẹyin wẹ́wẹ́ bíi ọkà jéró, ó tú jáde bo ọwọ́ mi, kò tán. Ìgbà yẹn gan-an lọmọ figbe ta lẹ́yìn mi, ọmú mi gbọ́, ó ń ṣàn, iwájú bùbá mi rin gbindin. Mo wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi ọmú níwájú, ẹyin lọ́wọ́. Mo rò pé Bàbá yóò rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ní, "Aṣojú, à ń gbọ́."

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi sá lọ. Mo ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ti etí odò. Ṣùgbọ́n ojú ibú ni eléyìí ń gbà bọ̀ kó tó dé inú koríko. Bí ìwọ̀ wa bá sinmi, tí àwọ̀n yín sì dúró dè é lọ́nà, ta la ti odò fún?"

Àwọn ọmọ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá wo ẹyin náà pẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò kó àwọn àwọ̀n tó dí ẹnu koríko kúrò; ti ojú ibú yóò wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí àwa oníwọ̀ máa wá sí ìpàdé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A ń padà, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì. Ọ̀gá Onítáyà ló kọ́kọ́ sọ ọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́: "Ìyàwó, a ní kó o lọ ṣílẹ̀kùn fún wa, o wá bá wọn wá kọ́kọ́rọ́." Tísà ní nígbà mìíràn kí ẹni tí kò pọnmọ lọ. Òun ló ń lọ sí ìpàdé títí dòní.

Ìyá ọkọ mi bi mí pé ẹja dà. Mo ní mo fi í sílẹ̀. Wọ́n ní fún ta ni?

Ní gbogbo ìgbà tí omi fi pọ́n, aṣọ ni mò ń fọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Tí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀, ara mi á kàn dìde fúnra rẹ̀, kó tó rántí. Ìgbà tí omi mọ́, oyún kejì ti wà nínú mi, ẹsẹ̀ mi wú, n kò lè rìn dé Ajégúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kẹta. Àwọn kan sọ pé ẹja pọ̀ sí i níbẹ̀ báyìí, àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé àwọn aláwọ̀n kan ń dẹ àwọ̀n sẹ́nu koríko lóru. N kò lọ wò ó.

Bí wọ́n bá tún bi mí lónìí, ohun kan náà ni màá sọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé mo lè dúró láàárín àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, kí n bẹ ìsinmi fún ẹja, kó má sì wá sí mi lọ́kàn láti ọjọ́ náà pé mo lè bẹ̀ ẹ́ fún ara mi nínú ilé mi. Mo dàgbà díẹ̀ kí n tó rò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún ọkọ mi pé láti ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, mo fẹ́ máa jáde lọ jókòó.

Ó ní, "Jókòó kí o ṣe kí ni?"

Mo ní, "Kí n jókòó ni."

Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ kẹta lẹ́yìn mi. N kò tíì mọ ibi tí màá jókòó sí.