Ìjàpá Tí Mo Lọ Mú Bọ̀ Láti Oǹdó

Ilẹ̀kùn ni mo rọra ń ṣí kí ó má baà han, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Mi ò fẹ́ kí Bàbá Dáre, ọkọ mi, jí. Àṣé ọkùnrin náà kò sùn. Ó ti wà lórí àga rẹ̀ nínú òkùnkùn, ibi tó ń jókòó sí láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún. Àìsàn náà mú ẹnu rẹ̀ wúwo pẹ̀lú. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, ó parí nìyẹn. Ó fi ọwọ́ òsì di aṣọ mi mú.

Ó ní, “Ìgbà wo?”

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Wọ́n bi ìjàpá tó ń lọ sí àjò pé ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ìjàpá gan-an ni mo sì ń lọ rà: ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rogodo tí àwọn olùkọ́ àti àlùfáà ń wà kiri nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ìrísí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Òun ni Bàbá Dáre ń wà nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà. Bí ó bá di Sátidé, á tú u palẹ̀, á tún un tò, á wá fi ọwọ́ tó kún fún epo ẹ́ńjìnnì gbá mi mú.

Nọ́ọ̀sì tó ń na ọwọ́ rẹ̀ ní bí ọwọ́ náà kò bá ríṣẹ́ ṣe, yóò gbàgbé iṣẹ́. Ti ọwọ́ kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Ó ti ń kọ oúnjẹ, ó ti ń kọjú sí ògiri. Mo ń rí ọkọ mi tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ níṣojú mi. Nígbà tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá sọ pé ìyá òun ní ìjàpá kan ní Oǹdó, pé ó ń rìn, pé owó rẹ̀ kò pọ̀, mo gbà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo gbà tán ni mo rántí pé èmi ni mo máa wà á bọ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí à ń gbọ́ nípa àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà wa láyé ìsinsìnyí. Ní gáréèjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀sán sì ti pọ́n kí ọkọ̀ tó kún. Obìnrin kan gbàdúrà, a ṣe àmín débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gíláàsì ọkọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá dára, àwọn èrò á mí. Níbi tí kòtò bá mú kí dẹrẹ́bà rọra, gbogbo ojú á yí sí igbó. Èmi ń ka Sáàmù nínú ọkàn mi, mo sì ń ṣì í kà.

Mo sọ fún dẹrẹ́bà pé ọkọ̀ ni mo ń lọ rà, pé èmi nìkan ni mo máa wà á padà.

Ó wò mí nínú dígí. “Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá yín lójú ọ̀nà yìí o.”

“Irú ọkọ̀ wo lẹ̀ ń lọ rà?” Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló bèèrè.

Mo ní ìjàpá ni. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa rẹ́rìn-ín láti Àkúrẹ́ nìyẹn.

Ní Oǹdó, wọ́n sá kòkó sí ẹ̀gbẹ́ títì bí àwa náà ṣe ń ṣe, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò. Mámà tó ni ọkọ̀ ń gbé ní Òkè-Lísà. Opó olùkọ́ ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ọma mi, káàbọ̀,” ló fi pàdé mi. Ọma ni wọ́n ń pe ọmọ níbẹ̀. Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, ó pẹ́ tí ẹnìkan ti pè mí bẹ́ẹ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n àlejò ṣíṣe àwọn ará Oǹdó kò mọ̀ pé ọ̀nà léwu. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Àkúrẹ́, ẹni tó wá rajà á kọ́kọ́ rí ọjà. Mámà ní kò sí ohun tó jọ ọ́: iyán ni a ó kọ́kọ́ jẹ. Ó sì jẹ́ pé nígbà tí mo dé gan-an ni iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìkòkò. Ta ló máa sọ fún àgbàlagbà pé òun kò ní jẹ oúnjẹ rẹ̀? Mo jókòó, mo ń wo oòrùn bó ṣe ń kúrò lórí páànù dé ara ògiri. Iyán náà funfun, ó fà, ẹran ìgbẹ́ sì wà nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí n mọ adùn rẹ̀. Mo ń gbé e mì bí ẹni ń lo oògùn.

Abẹ́ igi ọsàn ni ìjàpá wà. Adìyẹ kan ti yé sí orí àga ẹ̀yìn, wọ́n kọ́kọ́ kó ẹyin rẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ náà ní ìwà tirẹ̀. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn kejì. Bí o bá yí síárìn sí ọ̀tún, hóònù á máa ké fúnra rẹ̀. Bíréèkì ńkọ́? Àbúrò Mámà tó ṣáná sí i fún mi ní, “Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìkẹta ló máa ń gbọ́.” Ó ṣí i fún mi, ó fi ẹ́ńjìnnì hàn mí, mo ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ oòrùn ni ojú mi ń wò. Mo sanwó. Mámà fi ọwọ́ lé orí ọkọ̀, ó gbàdúrà fún un bí ẹni ń sin ọmọbìnrin lọ sílé ọkọ. Àdúrà náà gùn. Mo la ojú kan, mo rí i pé oòrùn ti wọ ẹ̀yìn ilé.

Mo gbéra. Mo di síárìn mú, mo kọjá Bọ́lọ́rundúró. Ní afárá Ọ̀wẹ̀nà, mo tẹ bíréèkì, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, ìkẹta gbọ́ lóòótọ́. Mo ti ń bá ara mi sọ pé ó ku díẹ̀ kí n dé Àpọ́nmù nígbà tí ọkọ̀ wúkọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kú.

Ìdákẹ́jẹ́ igbó náà! Igi kòkó dúdú lápá méjèèjì, kò sí ilé, kò sí iná. Ọkọ̀ kan sáré kọjá, kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rù mú kí n gbàgbé gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìjàpá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí bọ̀ọ́nẹ́ẹ̀tì. Táyà àfipamọ́ kan ni mo bá níbẹ̀ àti ìyẹ́ adìyẹ. Mo pe ilé.

“Bàbá Dáre, ọkọ̀ ti kú! Mo wà nínú igbó, Àpọ́nmù ṣì wà níwájú! Mo ṣí i, kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀! Wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì lọ!”

Mo gbọ́ ohùn kan tó ń hó nínú fóònù, mo rò pé àìsàn náà ló tún gbé e dé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

“Ẹ̀yìn,” ló wí. Ó sinmi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fa ọ̀rọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fa omi nínú kànga. “Ẹ̀yìn… ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ìwọ obìnrin yìí… ìjàpá lò ń wà!”

Láti ọjọ́ tó ti ṣàìsàn, mi ò tíì gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró sójú títì, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá wáyà tó bọ́. Mo fi iná fóònù wá a, mo rí ọ̀kan tó ń mì dirodiro. Ó ní, “Tẹ̀ ẹ́… wọlé.” Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo padà síwájú, mo yí kọ́kọ́rọ́, bátìrì kàn kérora ni. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rí tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó ń jáde bọ̀ láti inú oko kòkó.

Fóònù ṣì wà létí mi, Bàbá Dáre ń pe orúkọ mi. Ìbọn wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú. Mo ní nínú ara mi pé, ó parí, mo ti fi ẹ̀mí mi rajà.

“Ìyá,” ọkùnrin náà wí, “ṣé ẹ̀ ń lọ ulé ni?”

Ulé! Kò pe ilé, ulé ló pè é, bí ìyá mi ṣe máa ń pè é. Mo mọ̀ pé a lè bí olè sí Àkúrẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni pé a ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọdẹ ni wọ́n, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà.

“Ulé ni mò ń lọ, ẹ̀yin ọmọ mi,” ni mo wí.

Wọ́n ti ìjàpá náà títí ó fi gbiná. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ dúró, kí ó má baà tún kú. N kò lè sọ̀ kalẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo yọ orí lójú fèrèsé, mo ń kígbe “Ẹ ṣeun o!”, mo yí síárìn sí ọ̀tún láti yẹ kòtò, hóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí ké, ó bá mi dúpẹ́.

Ọkọ̀ kò kú títí mo fi dé Ìsìkàn. Ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa gan-an, níbi tí gbogbo ènìyàn jókòó sí láti gba atẹ́gùn, ló kú sí. Ẹ̀rín sọ. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí tì mí, wọ́n ń ké pé, “Ìyá Dáre ra ìjàpá o!” Ìyẹ́ adìyẹ wà lórí gèlè mi, èérí ẹ́ńjìnnì wà lójú mi. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, nítorí ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Mo ti rò pé ènìyàn ní láti borí ẹ̀rù rẹ̀ kó tó gbéra nílé. Irọ́ ni. À ń gbé e dání lọ ni, a sì ń gbé e dání bọ̀.

Nígbà tí wọ́n tì mí dé iwájú ilé wa, Bàbá Dáre di òpó mú, ó dìde. Àwọn tó kù pé jọ síwájú ọkọ̀. Òun gba ẹ̀yìn lọ, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún tí àrùn mú lé ìdérí ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, “O tẹ́ tán?”

“Mo tẹ́ tán, sà.”

“Káàbọ̀,” ló wí, ó sì ṣí ẹ̀yìn ìjàpá.